Ọkọ̀ Òfúrufú Olówó Pọ́ọ́kú: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọkọ̀ òfúrufú olówó pọ́ọ́kú pọ̀ débi pé a ti gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbínú ló kún inú wọn, ìbínú náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan náà là ń bá pàdé nínú wọn: ẹni tí wọ́n fìyà jẹ lọ bá ẹni tí kò lágbára kankan, ó pariwo lé e lórí, ó sì padà sílé láìní ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ wa yẹ kó gbéra ní aago 7 alẹ́. Títí di aago 11, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún wa. Nígbà tí mo lọ bá ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà, ó ní, "Ẹ má bínú mà, kò sóhun tí mo lè ṣe." Ṣé irọ́ ló ń pa ni, àbí ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? — Ìyá Ìbejì

Kò parọ́, Ìyá Ìbejì. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, ẹni tí ẹ rí nídìí káńtà yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà rárá. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà á síṣẹ́. Ó lè bá ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó kàn máa pààrọ̀ káńtà. Ohun tí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ gbà á láyè láti ṣe kò ju kó tẹ boarding pass, kó lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹrù, kó sì gbowó ẹrù tó lé. Bí àwọn ọ̀gá bá fi ìwé oúnjẹ ránṣẹ́, yóò pín in. Kò lè dá owó yín padà, kò sì lè gbé yín sínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tó lè ṣe é wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́.

Kí ló wá fa ìdádúró alẹ́ yẹn? Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Southwest tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní Amẹ́ríkà ní 1971 ló sọ ọ̀nà òwò olówó pọ́ọ́kú yìí di olókìkí, Ryanair ti Ireland sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n mú irú ọkọ̀ kan ṣoṣo, Boeing 737, kí awakọ̀ kan lè wa èyíkéyìí nínú wọn, kí pààtì kan náà sì bá gbogbo wọn mu. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, èrò á sọ̀, wọ́n á palẹ̀ inú ọkọ̀ mọ́, èrò mìíràn á wọlé. Ọkọ̀ kan lè rin ìrìn-àjò 6 láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ìkùukùu bá gba ìṣẹ́jú 40 lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kò síbi tí yóò ti rí i san padà. Ó di gbèsè tí ọkọ̀ náà ń gbé kiri títí dalẹ́, tó sì ń lé sí i. Ọkọ̀ tí ì bá dúró láìṣiṣẹ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, owó ló máa jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sábà ní in. Nítorí náà, bí ẹ bá lè yàn, ẹ yan èyí tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀. Ọkọ̀ yẹn ti sábà sun ibẹ̀ mọ́jú, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá gbọ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa lóṣù yìí, èyí ni kẹ́ ẹ gbọ́.

Nídìí káńtà, nǹkan mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ béèrè: kí ló fa ìdádúró, níbo ni oúnjẹ wà, ojú òpó wo la ti ń fẹjọ́ sùn. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó fi sọ ọ́. Bó bá sọ pé "ẹ̀rọ ló yọnu" lónìí, tí ilé-iṣẹ́ wá kọ̀wé lọ́la pé "ojú ọjọ́ ni", àkọsílẹ̀ yẹn yóò wúlò. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò: ọmọ tí ẹ kò bú yìí kan náà ló mọ òtẹ́ẹ̀lì tó ṣì ní yàrá.

Mo wọn báàgì mi nílé, ó bá ohun tí wọ́n kọ mu. Nígbà tí mo dé géètì, wọ́n ní kí n tì í sínú àpótí irin kan, kò wọlé, mo sì san owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. — Aláàárù Ara Rẹ̀

Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọn aṣọ báàgì, wọ́n á sì gbàgbé táyà, ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á, àti àpò iwájú tó ti yọ ikùn síta lẹ́yìn tí wọ́n ki ṣájà àti ìwé sínú rẹ̀. Táyà nìkan lè fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 kún gíga rẹ̀. Ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ, gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀. Ẹni tó kọ̀wé sórí báàgì ní ọjà pé "ó bá ọkọ̀ òfúrufú mu" kò sì ní wà ní géètì nígbà tí wọ́n bá ń gbowó lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá páálí kan, kẹ́ ẹ gé e sí ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ yín kọ. Ti ọ̀fẹ́, èyí tó ń lọ sábẹ́ ìjókòó, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 × 30 × 20 ní Ryanair láti 2025 àti ní Wizz Air, ó sì jẹ́ 45 × 36 × 20 ní easyJet. Ẹ di báàgì yín tán pátápátá, kẹ́ ẹ wá jù ú sínú páálí náà. Ó gbọ́dọ̀ já sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti fi orúnkún tì í, ẹ yọ nǹkan kúrò. Báàgì aṣọ tí kò ní táyà máa ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Àpótí líle kì í gbà.

Wọn kì í fojú fo báàgì ní géètì, torí owó ló wà níbẹ̀. Ryanair fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba ní 2025 pé òun ń san owó ìṣírí fún òṣìṣẹ́ lórí báàgì tó bá tóbi jù tí wọ́n bá mú. Bí ẹ bá ti fura pé tiyín yóò tóbi, ẹ ra àyè rẹ̀ lórí áàpù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Iye géètì ló máa ń wọ́n jù lọ. Bó bá wá jẹ́ pé ó wọlé tí wọ́n sì tún fẹ́ gbowó, ẹ ya fídíò báàgì náà nínú àpótí irin wọn, ẹ fi káàdì san án, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ wọkọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà. Ẹni tó jà ní géètì ń pàdánù ìrìn-àjò ni. Fún ìrìn-àjò nílẹ̀ Yúróòpù, ẹjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù sọ ní 2014 pé ẹrù ọwọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ mọ níwọ̀n kò yẹ kó ní owó lọ́tọ̀, Spain sì bu owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 179 Yúrò lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún lórí ní 2024 nítorí irú owó báyìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń ta kò ó.

Wọ́n fagi lé ìrìn-àjò mi láti ìlú kan sí òmíràn nílẹ̀ Yúróòpù nígbà tó ku ọjọ́ 3. Ímeèlì wọn ní kí n tẹ bọ́tìnì kí n gba fáúṣà, ìwé tí mo lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́dọ̀ wọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? — Akánjú Tẹ Bọ́tìnì

Kò tíì parí. Owó méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ san. Ìkejì ni owó gbà-máà-bínú.

Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, òfin ẹgbẹ́ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EC 261/2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2005, sọ pé owó gidi ni kí wọ́n dá padà láàárín ọjọ́ 7, àfi bí èrò bá fọwọ́ sí i pé òun gba fáúṣà. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù sọ pé fọ́ọ̀mù tí èèyàn kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè dúró fún ìfọwọ́sí, bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ti là á yé e kedere pé owó gidi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ padà lọ ka ímeèlì yẹn. Bó bá jẹ́ pé bọ́tìnì fáúṣà ni wọ́n kun ní àwọ̀ títàn, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé mìíràn, ẹ kọ̀wé pé wọn kò là á yé yín, pé owó lẹ fẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n tẹ́ méjèèjì síwájú yín, ẹ fara mọ́ fáúṣà yín.

Owó gbà-máà-bínú kò sí lára fáúṣà yẹn. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò nígbà tí kò tó ọjọ́ 14 mọ́, wọ́n lè jẹ yín ní 250 Yúrò fún ọ̀nà tí kò ju 1,500 kìlómítà, 400 fún èyí tó wà láàárín 1,500 sí 3,500, àti 600 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìta Yúróòpù tàbí sí ìta. Iye tíkẹ́ẹ̀tì kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó san 19 Yúrò lè gba 250. Ìdádúró náà wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2009: bí ẹ bá fi wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé. Ẹ sì wo aago yín dáadáa nígbà tí ẹ bá dé. Kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀ ni wọ́n ń kà, ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni. Láàárín méjèèjì, ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lè wà, òun ló sì lè sọ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 50 di wákàtí 3.

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ fèsì ni pé "ohun tó kọjá agbára wa" ló fà á. Ìjì líle, pápákọ̀ tí wọ́n tì, ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú ọ̀run: òótọ́ nìwọ̀nyí, owó gbà-máà-bínú kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń bàjẹ́ kò sí lára rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ láti 2008. Ìyanṣẹ́lódì òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lórí owó oṣù kò sí lára rẹ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ àti ibùsùn kò sì ní àwíjàre kankan. Nígbà tí eérú òkè ayọnáyèéfín Iceland dá gbogbo ọkọ̀ dúró ní 2010, ilé-ẹjọ́ sọ lẹ́yìn náà pé ilé-iṣẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ bọ́ èrò, kó sì wá ibi tí wọ́n máa sùn. Bí wọn kò bá pèsè rẹ̀, ẹ ra ohun tó mọ níwọ̀n, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ọtí kò sí níbẹ̀.

Kí lẹ́tà yín kúrú. Ẹ má sọ ìtàn ọmọ tó ń sunkún. Ẹ kọ ọ́ báyìí, ní èdè tí ilé-iṣẹ́ náà gbọ́:

*Nọ́ńbà ìrìn-àjò (booking reference): ABC123. Ọkọ̀ XY 456, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún. Ó yẹ kó dé ní 14:20. Ilẹ̀kùn ṣí ní 18:05. Ó fi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45 pẹ́. Ọ̀nà náà jẹ́ 1,120 kìlómítà. Èèyàn 2 ni wá. Mo ń béèrè 250 Yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 500 lápapọ̀, lábẹ́ òfin EC 261/2004, láàárín ọjọ́ 14. Bí ẹ bá sọ pé ohun tó kọjá agbára yín ló fà á, ẹ sọ ohun náà ní pàtó, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́.*

Fọ́ọ̀mù orí wẹ́ẹ̀bù wọn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí ó ń fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé náà kẹ́ ẹ tó ti í. Bí oṣù 2 bá kọjá láìsí èsì, tàbí tí èsì náà kò mọ́gbọ́n dání, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ èrò ní orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti gbéra. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó yìí ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń mú ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí lẹ́tà tí ẹ lè fi ìṣẹ́jú 10 kọ.

Òfin yìí bo gbogbo ọkọ̀ tó bá gbéra láti ilẹ̀ ẹgbẹ́ Yúróòpù, ti ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Èyí tó ń bọ̀ láti ìta, àfi tó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Yúróòpù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ tó jọ ọ́: pọ́n-ùn 220, 350 àti 520. Ní Amẹ́ríkà, kò sí owó gbà-máà-bínú fún ìdádúró, ṣùgbọ́n bí ìrìn-àjò abẹ́lé bá fi wákàtí 3 yẹ̀, tàbí ti òkè òkun fi 6, tí ẹ sì kọ̀ láti lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó yín padà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 fún káàdì onígbèsè (credit card).

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní pẹ́, ìkejì já mi sílẹ̀. Ta ló máa san án? — Ọmọ Ìrìn-àjò

Ẹ̀yin ni o. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì, àdéhùn méjì; ẹni ìkejì kò mọ̀ pé ẹ ń ti ibì kan bọ̀. Bí ẹ bá tún máa ṣe é, ẹ fi wákàtí 4 ó kéré tán sáàárín wọn, ẹ má fi ẹrù sísàlẹ̀ ọkọ̀, kí ìkejì má sì jẹ́ èyí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Àpótí mi dé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó là, táyà kan sì ti fò yọ. Mo gba ìwé kan ní pápákọ̀. Oṣù kan ti kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè mí. — Iya Kọlá

Ìwé tí ẹ gbà yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, Iya Kọlá. PIR ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà orí rẹ̀ jẹ́ àmì 10: lẹ́tà 3 àkọ́kọ́ ni pápákọ̀, 2 tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, àwọn 5 ìyókù jẹ́ nọ́ńbà. Ohun tó jẹ́rìí sí kò ju pé ẹ fi àpótí hàn wọ́n ní gbọ̀ngàn ẹrù. Ẹ̀sùn fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, kíkọ sì ni. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti 1999, tó bo ọ̀pọ̀ jù lọ ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹrù tó bàjẹ́ ní ọjọ́ 7 péré láti ìgbà tí ẹ gbà á. Ẹrù tó pẹ́ dé ní ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún yín. Èyí tí kò dé rárá lẹ́yìn ọjọ́ 21 ti di èyí tó sọnù. Ọdún 2 ló wà fún kóòtù.

Oṣù kan ti kọjá fún yín, nítorí náà ẹ yẹ ímeèlì yín wò. Bí ẹ bá ti kọ ohunkóhun ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 7 yẹn, kódà ìlà méjì, ẹ dì í mú. Bí kò bá sí, a kò ní tàn yín, ọwọ́ àánú wọn lẹ wà.

Fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ má kúrò ní gbọ̀ngàn ẹrù láìgba PIR. Ẹ ya àwòrán ibi tó là, àti òǹtẹ̀ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó ní nọ́ńbà 10. Ẹ fi ìwé-ẹ̀rí iye tí ẹ rà á kún un. Bí kò bá sí, àwòrán àti ojú ewé banki lè ràn yín lọ́wọ́. Òdiwọ̀n tó ga jù lọ láti oṣù kejìlá 2024 jẹ́ 1,519 SDR, owó òdiwọ̀n àjọ IMF, fún èrò kọ̀ọ̀kan. Òkè àjà nìyẹn o. Àpótí tó ti lo ọdún mẹ́rin, iye ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa san. Wúrà àti kọ̀ǹpútà kò yẹ kó wà nínú ẹrù ìsàlẹ̀ rárá, ilé-iṣẹ́ yóò ní àwọn ti kìlọ̀.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí wẹ́ẹ̀bù ẹ̀dínwó kan. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fagi lé e. Wẹ́ẹ̀bù ní kí n bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní kí n bi wẹ́ẹ̀bù. Ẹ̀rọ adáhùn wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá. — Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá

Ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù bẹ́ẹ̀ máa ń fi ímeèlì tiwọn àti káàdì tiwọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lójú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, àwọn ni oníbàárà, kì í ṣe ẹ̀yin. Owó tí wọ́n dá padà á gba ibi tó ti wá padà lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ìrìn-àjò (booking reference) ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ wẹ́ẹ̀bù, ó sábà jẹ́ àmì 6, kò dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà ti wẹ́ẹ̀bù. Ẹ fi wọ ojú òpó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ ímeèlì tó wà níbẹ̀ sí tiyín. Ẹ yẹ orúkọ yín wò bẹ́ ẹ bá ti débẹ̀. Kò sí àmì orí àti ìdí nínú tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà orúkọ bó ṣe wà nínú èkíní ìlà méjì tó kún fún <<< nísàlẹ̀ ojú ewé páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ dà kọ, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Ẹ̀rọ adáhùn kì í dá yín lóhùn bí ẹ bá sọ ìtàn fún un. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan: "agent". Bó bá tún béèrè, ẹ tún un kọ. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ jọ sọ kẹ́ ẹ tó ti í. Ẹ má kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín sí gbangba lórí ìkànnì àjùmọ̀lò: àwọn gbájúẹ̀ ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣí ojúlé, wọ́n á ní ẹ fi nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́ ká lè dá owó yín padà. Ilé-iṣẹ́ gidi kì í béèrè PIN tàbí nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́.

Bí méjèèjì bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lọ bá báńkì tó fún yín ní káàdì. Ẹ ní ẹ fẹ́ "chargeback", ìyẹn ni kí báńkì gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, pé ẹ sanwó, iṣẹ́ kò sì wáyé. Ẹ mú rìsíìtì, ìwé ìfagilé, àti èsì tí wọ́n fi lé yín lọ. Àkókò rẹ̀ sábà jẹ́ ọjọ́ 120 láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹ kó gbéra, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ẹ ní sùúrù" jẹ ẹ́ tán. Owó tí ẹ san nìkan ló wà fún. Báńkì kò lè bá yín gba owó gbà-máà-bínú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì máa ń ti àkáǹtì ẹni tó bá ṣe é pa, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.